Wọn ò gbà mí fún oyè ọ̀mọ̀wé, mo fẹ́ tún gbìyànjú

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin àbúrò, okun o. Ọmọ Bùnú ní ìpínlẹ̀ Kogí ni mí, Kábà ni mo ti ń ṣe tíṣà. Mo gba oyè kejì nínú ìmọ̀ ìtàn. Lóṣù Kejìlá tó kọjá, mo kọ̀wé sí yunifásítì mẹ́rin ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n gbà mí fún oyè ọ̀mọ̀wé. Kó tó di ìparí oṣù Kẹrin, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ní àwọn ò gbà mí. Inú kíláàsì ni mo wà tí èyí tó kẹ́yìn fi dé, mo ṣáà ń kọ́ àwọn ọmọ lọ. Mi ò tíì sọ fún màmá mi.

Máàkì mi dára. Ohun tí mo ní mo fẹ́ ṣèwádìí lé lórí ni "Aṣọ ilẹ̀ Yorùbá àti ìdàgbàsókè." Owó fọ́ọ̀mù ti gbọ́n àpò mi gbẹ. Ṣé kí n padà sí ilé ìwé kan náà? Kí ni kí n yí padà? Ẹ jọ̀ọ́.

Ọmọ Ìjùmú: Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ilé ìwé tó kọ̀ mí lọ́dún àkọ́kọ́ náà ló gbà mí lọ́dún kejì, torí náà padà lọ. Àmọ́ má gbé ìwé àná lọ bá wọn. Orí ọ̀rọ̀ tó o mú yẹn fẹ̀ jù, ẹni tó bá kà á ò ní mọ ohun tó ò ń wá gan-an. Ìwọ ọmọ Bùnú! Aṣọ ìpò ńkọ́? Aṣọ pupa tí wọ́n fi ń ṣẹ̀yẹ òkú ìjòyè, tí egúngún náà ń wọ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ìyá wa máa ń tú òwú pupa lára búláńkẹ́ẹ̀tì òyìnbó kí wọ́n tó hun ún. Ibo ni wọ́n ti ń rí búláńkẹ́ẹ̀tì náà? Ta ló ń tà á fún wọn? Ìbéèrè kan bí irú èyí tó fún gbogbo ìwádìí. Kó o sì mọ̀ pé Elisha Renne, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, ti tẹ ìwé lórí aṣọ Bùnú jáde ní 1995. Bí o ò bá sọ ibi tí tìẹ ti yàtọ̀ sí tirẹ̀, ẹni tó mọ̀ ọ́n á rò pé o ò tíì kàwé tó.

Olùkọ́ ní Lọ́kọ́ja: Ta ló kọ̀wé jẹ́rìí sí ẹ? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sáré wá bá mi pé ọ̀la ni wọ́n fẹ́ lẹ́tà, "ọmọlúàbí ni, kì í pa kíláàsì jẹ" ni mo máa rí kọ, irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ò sì gbe èèyàn. Tètè lọ bá wọn lóṣù Kẹsàn-án, mú àbá ìwádìí rẹ dání, rán wọn létí iṣẹ́ tó o ṣe lọ́dọ̀ wọn. Má jẹ́ kí ẹni tó darí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ yọ nínú wọn.

Àǹtí Mopa: Kó o tó sanwó kankan, kọ íméèlì sí ọ̀jọ̀gbọ́n tó o fẹ́ lọ bá, bi í bóyá ó ṣì ń gba akẹ́kọ̀ọ́. Òmíràn ti fẹ̀yìn tì, orúkọ rẹ̀ sì wà lórí ìkànnì ilé ìwé síbẹ̀. Bẹ ilé ìwé náà kí wọ́n fojú fo owó fọ́ọ̀mù, ọ̀pọ̀ ló máa ń gbà. Wo déètì èsì IELTS rẹ pẹ̀lú, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì yẹn, ọdún méjì péré ló ń lò. Kó o sì sọ fún màmá rẹ o.

Ìyá Ògìdì: Ọmọ mi, má dúró de Amẹ́ríkà kó o tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn arúgbó tó mọ aṣọ yìí hun ń lọ níkọ̀ọ̀kan. Gba ohùn wọn sílẹ̀ báyìí. Wá sí Ògìdì pẹ̀lú, níbi tí Màmá Nike Okundaye dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ọnà sílẹ̀ sí, wá jókòó ti òfì, kó o fojú ara rẹ rí i.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo sọ fún màmá mi lálẹ́ àná. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n ṣí àpótí irin, wọ́n gbé aṣọ ìpò ìyá wọn jáde. Òórùn káńfọ̀ gba gbogbo ilé. Kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀, àmọ́ pupa rẹ̀ ò ṣá. Wọ́n fi ìka tọ ojú òwú kan, wọ́n ní, "Búláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù nìyí." Wọ́n ní ẹni tó bá ìyá wọn tú u ṣì wà láyé ní Akutupa. Sátidé yìí la jọ ń lọ.