Ṣé wọ́n lè mọ̀ bóyá bẹntiróòlù ni wọ́n fi sun ṣọ́ọ̀bù?

Ìyá Aláṣọ, Ṣàgámù: Ẹ̀yin ará, ṣọ́ọ̀bù mi jóná. Kápẹ́ẹ̀tì ń run bẹntiróòlù. Ṣé kí n dì í sí náílọ́ọ̀nù fún àyẹ̀wò?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde: Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, kí ọlọ́pàá kó o! Náílọ́ọ̀nù lásán máa ń jẹ́ kí òórùn jò. Agolo ọ̀dà tuntun tó ṣófo ló dáa. Ní ilé àyẹ̀wò, wọ́n á fi èédú pẹlẹbẹ sínú rẹ̀, wọ́n á mú agolo náà gbóná, èédú á fa òórùn mu, ẹ̀rọ GC-MS, tó ń ya àwọn kẹ́míkà sọ́tọ̀ tó sì ń dá wọn mọ̀, á tú u wò. Kí wọ́n mú kápẹ́ẹ̀tì ibi tí kò rùn pẹ̀lú, láti fi wé e: kápẹ́ẹ̀tì tó jóná lè tú kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní toluene jáde, bẹntiróòlù náà sì ní in.

Bọ̀dá Ìkẹ́nnẹ́: Ibo ni jẹnẹrétọ̀ yín wà? Àbí bẹntiróòlù rẹ̀ ló dà sí kápẹ́ẹ̀tì?

Ìyá Aláṣọ: Ìta ni o, lẹ́yìn ògiri.