Ọmú ò tíì tán, ọmọ ti bínú: ìrírí àwa abiyamọ

Ìyá Àkọ́bí

Ẹ kú ọwọ́ lómi o, ẹ̀yin abiyamọ ẹgbẹ́ mi. Ọmọ mi pé ọ̀sẹ̀ 10 lónìí, mo sì fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sẹ́yìn, bóyá yóò ran ẹlòmíì lọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, kí ẹ̀yin náà sọ tiyín.

Bí mo bá gbé ọmú sí i lẹ́nu, ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́ máa ń dùn ún wò. Á máa gbé e mì gbùkẹ̀gbùkẹ̀. Àmọ́ tí omi rẹ̀ bá ti rọlẹ̀ báyìí, ìjà dé. Á fà á títí, á jù ú sílẹ̀, á figbe ta, á tún gbá a mú, á tún jù ú sílẹ̀. Á di ẹ̀ṣẹ́, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ara rẹ̀ á le gan-gan.

Mo rò pé ọmú mi ti gbẹ ni. Ìdí tí mo fi rò bẹ́ẹ̀ ni pé ọmú tó máa ń kún, tó máa ń jò sí mi láṣọ, ṣàdédé rọ̀ nígbà tí ọmọ pé ọ̀sẹ̀ 6. Mo fi ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fún ọmú dán an wò, ohun tó jáde ò ju ṣíbí méjì lọ. Mo sunkún lóru ọjọ́ yẹn.

Nọ́ọ̀sì kan ló là mí lójú. Kò tilẹ̀ ka ti ẹ̀rọ sí. Ó ní ẹ̀rọ kì í fa ọmú bí ọmọ ṣe ń fà á, pé ọmú tó rọ̀ lásìkò yẹn, ó ti mọ ìwọ̀n tí ọmọ ń fẹ́ ni. Ìlédìí ló béèrè: mélòó ni ọmọ ń tọ̀ sí láàárín wákàtí 24? Mo ní méje. Ó ní ó dára, pé tó bá ti tó mẹ́fà sókè, omi ń wọlé. Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó ti wúwo sí i. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fún un lọ́mú lójú òun.

“Ẹ wo àgbọ̀n rẹ̀,” ló sọ fún mi. Nígbà tí ọmú bá ń ya, ìyẹn tí wàrà bá ń tú jáde, àgbọ̀n á lọ sílẹ̀, á dúró díẹ̀, kó tó pa dé. Ìdúró díẹ̀ yẹn ni wàrà fi ń kún ẹnu rẹ̀. Tí kò bá dúró mọ́, tó kàn ń yára fa mùkùmùkù, kò rí nǹkan gbé mì mọ́ nìyẹn.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wàrà kì í ṣàn déédéé. Tí ọmọ bá ń fà, ara á tú ohun kan tí wọ́n ń pè ní oxytocin sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń fún àwọn àpò wàrà pọ̀ kó lè jáde. Á ya, á rọlẹ̀, tó bá tún pẹ́ díẹ̀ á tún ya, ó sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà bíi mélòó kan kí ọmọ tó ṣíwọ́. Ọmọ tèmi ò fẹ́ dúró de ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bẹ́ẹ̀, bí ọmú bá ṣe ń fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo ni wàrà inú rẹ̀ ń lọ́ràá sí i.

Nọ́ọ̀sì wá fi ọwọ́ mi mú ọmú náà, àtàǹpàkò lókè, ìka tó kù nísàlẹ̀, kò jẹ́ kí ó sún mọ́ orí ọmú. Bí ọmọ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fà lásán, ó ní kí n tẹ̀ ẹ́, kí n má jẹ̀ẹ́ kó dùn mí, kí n sì dì í mú bẹ́ẹ̀. Àgbọ̀n ọmọ mi tún lọ sílẹ̀. Mo gbọ́ ọ ní ọ̀fun rẹ̀: kẹ̀. Ó tún dún: kẹ̀. Ara mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́jọ.

Tí títẹ̀ ò bá ṣe é mọ́, mo ń gbé e sí ọmú kejì, tó bá yá mo tún dá a padà sí ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kó tó bínú ni o! Tó bá ti bínú tán, kò sí ohun tí ẹ lè fi tù ú nínú.

Ìyá Ìbejì

Tèmi, fídà ló fà á. Oṣù àwọn ọmọ mi ò pé tí mo fi bí wọn, fídà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Kẹ́hìndé gba ọmú láìjanpata. Táíwò kọ̀ jálẹ̀, torí ó ti mọ̀ pé bí òun bá ti gbẹ́nu lé rọ́bà ẹnu fídà, wàrà ń dà wìrìwìrì ni.

Mo pààrọ̀ rọ́bà náà sí èyí tí ihò rẹ̀ kéré. Mo ń gbé e jókòó dáadáa, mo ń dá fídà dùbúlẹ̀ dípò kí n dojú rẹ̀ kọlẹ̀, mo sì ń yọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè mí. Kí n tó fún un lọ́mú, mo ń fi aṣọ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé ọmú, mo ń fi ọwọ́ fún ọmú náà títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán, kó lè jẹ́ pé bó bá ṣe gbẹ́nu sí i ló ń bá wàrà. Ìgbà tí oorun bá ṣì wà lójú rẹ̀ ló máa ń gbà jù, tí a jọ fara kanra láìsí aṣọ láàárín wa. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Ìyá Àdùkẹ́

Ẹ má bínú sí mi, ọ̀tọ̀ ni tèmi. Gbogbo èèyàn ń sọ pé kí n ní sùúrù, mo sì ní in, àmọ́ ọmọ mi ò jẹun yó. Ó pé ọ̀sẹ̀ méjì, kò tíì wúwo tó bó ṣe wúwo lọ́jọ́ tí mo bí i. Ìlédìí mẹ́ta ló ń tọ̀ sí lóòjọ́, ìtọ̀ náà pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kì í jà bíi ti Àkọ́bí. Ṣe ló máa ń sùn lọ sẹ́nu ọmú, mo sì ń pè é ní ọmọ jẹ́jẹ́.

Dókítà ló rí i pé awọ tó so abẹ́ ahọ́n rẹ̀ kúrú, kò jẹ́ kó lè gbá ọmú mú jinlẹ̀. Wọ́n gé e. Wọ́n tún fún mi ní ọ̀pá rọ́bà tín-ín-rín tí mo ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ orí ọmú, kí wàrà tí mo ti fún sílẹ̀ máa gba ibẹ̀ wọ ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń fà. Kò rẹ̀ ẹ́ mọ́, ó ń fà pẹ́, ọmú tí wọ́n ń fà pẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá rí bíi tèmi, kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìyá Àbíkẹ́yìn

Tèmi ti pé oṣù mẹ́rin. Ojú ló ń gbé kiri, bí ilẹ̀kùn bá dún, ó ti yọ ẹnu. Mo ń pa iná, mo ń ti ilẹ̀kùn. Ó tán.

Ìyá Àkọ́bí

Ìyá Àdùkẹ́, ẹ ṣé gan-an. Mo ti bẹ nọ́ọ̀sì kó bá mi wo abẹ́ ahọ́n ọmọ mi lọ́jọ́ Ajé. Ìyá Ìbejì, mo gbìyànjú aṣọ wọ́ọ́rọ́ yẹn lóru àná. Ó fi ọmú sílẹ̀ nígbà tó rọlẹ̀, mo ti ń múra igbe, ó kàn wò mí, wàrà ń kán létí ẹnu rẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ padà sí i. Ìlédìí tí mo tú lára rẹ̀ láàárọ̀ yìí tẹ̀wọ̀n.