Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí táyà kẹ̀kẹ́: 28 ni mo mú

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin tí ẹ dá mi lóhùn nígbà tí mo béèrè bóyá kí n fi táyà 25, 28 tàbí 32 (ìbú táyà ní mìlímítà) sí kẹ̀kẹ́ eré-ìje mi níbí ní Kétu.

32 ló wù mí, nítorí ilẹ̀ pupa ọ̀nà oko, ṣùgbọ́n bíréèkì mi, èyí tó ń fún rímù mọ́ra láti òkè, kò gbà á; táyà ń ha á lára. Ẹ má wo nọ́ńbà ara táyà nìkan. Bí inú rímù bá fẹ̀, táyà lè fẹ̀ ju ohun tí wọ́n kọ sí i lọ. Ẹ fi rúlà wọn àyè inú férémù kí ẹ tó náwó.

Ohun tí mo gbádùn jù lára 28 ni pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò le jù. Pẹ̀lú 25, bárì 7 (bárì ni a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) ni mo ń pọ́ǹpù, ọwọ́ mi á ti kú kí n tó dé Pobẹ̀. Báyìí, pẹ̀lú 28, bárì 5 tó. (Bùrọ̀dá tó ń lẹ táyà ládùúgbò wa ṣì ń bá mi jà pé ó rọ̀ jù.)

Ẹni tó ní bíréèkì díìsì, èyí tó ń di irin pẹlẹbẹ àárín wíìlì mú dípò rímù, lè gbìyànjú 32, bí férémù rẹ̀ bá gbà á.

Mo pa ìbéèrè yìí dé. Táyà 25 méjèèjì wà nílé, mo fẹ́ tà wọ́n.