Kì í ṣe "àsùngùn": ẹni tó rọ̀gbọ̀kú kò sùn

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Mo ka ohun tí ọmọ wa tó ń gbé Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ lánàá nípa kẹ̀kẹ́ tí èèyàn ń fẹ̀yìn lélẹ̀ gùn (recumbent), àti èsì yín lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ ká fún un, inú mi sì dùn gan-an sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní òun gé kẹ̀kẹ́ ògbólógbòó méjì, òun jó irin wọn pọ̀ di ọ̀kan gbọọrọ, òun fi pákó ṣe àga tí èèyàn lè fẹ̀yìn tì, òun sì gbé pẹ́dàlì lọ síwájú kí ẹsẹ̀ lè nà tàntàn. Ṣéènì ẹyọ kan kò tó o, ó lé ní méjì tó so pọ̀. Títí dé ibẹ̀, mo ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ìgbà tó wá pè é ní "kẹ̀kẹ́ àsùngùn", ìyẹn ni pé a sùn, a sì gùn, tó tún ní òun gùn ún kọjá létí oko àdúgbò "nígbà tí ọgbà ń jí", mo gbé fóònù kalẹ̀.

Sùn! Jí! Ta ló sùn nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ẹ jẹ́ ká mú sùn ná. Ẹ fo àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀, ó di àsun, tí gbogbo ọmọ Yorùbá mọ̀ sí ẹran orí iná. Ìyẹn kéré. Èyí tó dùn mí ni pé ẹni tó ń sùn kì í wa nǹkan kan. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 1933, eléré kẹ̀kẹ́ kan, Francis Faure, gun irú kẹ̀kẹ́ yìí ní Paris, Vélocar tí Charles Mochet ṣe, ó sì sáré kìlómítà 45.055 ní wákàtí kan. Ó borí kìlómítà 44.247 tí Oscar Egg ti fi lélẹ̀ láti ọdún 1914. Afẹ́fẹ́ kò rí àyà rẹ̀ gbá mú ni, nítorí ó fẹ̀yìn lélẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1934, àjọ UCI tó ń rí sí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé jókòó lórí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ bí àwa náà ti jókòó yìí: kí là ń pè ní kẹ̀kẹ́? Ìtumọ̀ tí wọ́n fẹnu kò sí ni wọ́n fi ti kẹ̀kẹ́ Mochet síta. Ẹ ò wá rí i pé orúkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré. Ṣé oorun ni Faure sùn dé kìlómítà márùndínláàádọ́ta?

Yorùbá lórúkọ fún bí ara ṣe wà lórí kẹ̀kẹ́ yẹn: rọ̀gbọ̀kú. Àga ìrọ̀gbọ̀kú ti wà nílé wa tipẹ́. Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ àrọ̀gbọ̀kúgùn ni mo pè é. Ẹ wo àkúnlẹ̀yàn: à-, kúnlẹ̀, yàn. A kúnlẹ̀, a sì yàn. Èyí náà, a rọ̀gbọ̀kú, a sì gùn. Àwọn tó ní ká fi ì- sí i, ká kàn pè é ní kẹ̀kẹ́ ìrọ̀gbọ̀kú, ẹ jọ̀ọ́, gígùn dà níbẹ̀? Ì- yín dá ìrọ̀gbọ̀kú nìkan mọ̀, kò gbé ẹni náà kúrò lójú kan. Bẹ́ẹ̀ ni "ìfẹ̀yìntì" tí ẹnìkan dábàá kò ṣeé gbọ́ sétí, torí ẹni tó bá gbọ́ kẹ̀kẹ́ ìfẹ̀yìntì, owó àwọn òṣìṣẹ́ àgbà ni yóò rántí.

Alàgbà tó ní òun fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ni ní Yorùbá sọ pé kú wà nínú rọ̀gbọ̀kú, pé kò yẹ ká fi irú rẹ̀ sórí ohun tí ọmọdé yóò gùn. Ẹ̀yin bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kí yín pé ẹ kú iṣẹ́, ṣé ikú ló ń fi ranṣẹ́ sí yín? Ọdún tí ẹ fi kọ́ni pọ̀, mo bọ̀wọ̀ fún un. Kò sọ rọ̀gbọ̀kú di ikú.

Bàbá mi àgbà ní kẹ̀kẹ́ Raleigh dúdú kan, tí wọ́n ṣe ní Nottingham kan náà tí ọmọ wa wà yìí. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n ń pè é, nítorí wọ́n gbọ́ bó ṣe ń yí geere. Irú etí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi sọ alùpùpù lórúkọ. Wọ́n wo ohun tí rédíò ń ṣe, wọ́n pè é ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Wọn kì í kọ́kọ́ béèrè ohun tí Òyìnbó pè é.

Ọ̀rọ̀ ọgbà ló wá kù. Àṣìṣe kan náà ni. Òdòdó daffodil tó ní òun rí nínú ọgbà yẹn, ìdí rẹ̀ tó dà bí àlùbọ́sà, ìgbà ìwọ́wé ni wọ́n gbìn ín. Ó ti ń ta gbòǹgbò lábẹ́ ilẹ̀ kí òtútù tó mú, òtútù yẹn gan-an ló sì ń múra rẹ̀ sílẹ̀ láti tanná. Èwo ni oorun níbẹ̀? Iṣu inú àká ìyá mi àgbà, kò sí òjò, kò sí ilẹ̀, ó ń ta èéhù, a sì ń já a. N kò gbọ́ kí màmá sọ pé iṣu jí. Iṣu hù ni. Igi rudi, ó yọ ọ̀mùnú, ó rúwé, ó tanná: ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún iṣẹ́ mẹ́rin, ẹ fẹ́ fi jí kan ṣoṣo pa gbogbo wọn rẹ́. Bó bá jẹ́ dandan ni jí, sọjí ni kẹ́ ẹ lò. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ewéko sọjí. Sọ yẹn ló gbé e, ẹ má yọ ọ́.



Ọmọ wa ní òun yóò fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ náà sára irin lọ́jọ́ Sátidé. Àbúrò mi, jọ̀wọ́, má tíì ṣí ọ̀dà yẹn. Lẹ́tà mẹ́wàá ni àrọ̀gbọ̀kúgùn, tí a bá ka gb sí ọ̀kan, irin rẹ sì gùn tó láti gbà á pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn rẹ̀.