Ẹ̀ka ìlera ń béèrè orúkọ àwọn tá a jọ ń wà pọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mi fi hàn pé ikọ́ ife ló ń ṣe mí. Mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn: oríṣi mẹ́rin fún oṣù 2, lẹ́yìn náà méjì fún oṣù 4. Nọ́ọ̀sì ẹ̀ka ìlera ìpínlẹ̀ ló ń wá wo bí mo ṣe ń gbé e mì. Ó ti sọ fún mi ṣáájú pé kí n má fòyà bí ìtọ̀ mi bá pọ́n, pé rifampicin, ọ̀kan lára àwọn oògùn náà, ló ń fà á.

Orúkọ tí wọ́n ń béèrè ló ń jẹ mí lọ́kàn. Wọ́n fẹ́ mọ gbogbo ẹni tá a jọ ń pẹ́ nínú yàrá kan: ará ilé, ẹlẹgbẹ́ níbi iṣẹ́, àti ọ̀rẹ́ mi kan tó ní ọmọ ọwọ́. Mo mọ̀ pé ó yẹ bẹ́ẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ ni àrùn yìí ń gbà ràn, kì í ṣe inú abọ́ tàbí bíbọ ọwọ́, ó sì tètè ń le lára ọmọdé. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn ò ní dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n yàrá kékeré la ti ń ṣiṣẹ́, èmi nìkan ni ò sì sí níbẹ̀ báyìí. Ta ni kò ní mọ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kojú irú èyí rí, tàbí tẹ́ ẹ ń ṣe iṣẹ́ yìí: ṣé kí n fúnra mi kọ́kọ́ pe àwọn èèyàn mi, àbí kí n fi í sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì? Ọ̀rọ̀ ìyá ọmọ yẹn ló ká mi lára jù. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí àyà rẹ̀ ò fi ní já?