Pásípọ́ọ̀tù mi máa parí láìpẹ́, PGWP ló kàn: èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

ỌmọẸ̀pẹ́_Regina

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa ní Kánádà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí máàsítà mi ni, lẹ́tà àti transcript ti dé ọwọ́ mi. PGWP ọdún 3, ìyẹn ìwé iṣẹ́ tí Kánádà ń fún ẹni tó bá kàwé tán níbí, ló tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n pásípọ́ọ̀tù mi, ọlọ́dún 5 tí mo gbà ní Ìkòyí, ó ku oṣù 10 péré kó parí. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ní kí n fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé pásípọ́ọ̀tù ò kàn án. Ẹlòmíì ní bí mo bá dán an wò, ó lé ní ọdún 2 tó ti wọgbó nìyẹn, torí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń fún èèyàn. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀? Study permit mi, ìwé àṣẹ ìkẹ́kọ̀ọ́, ṣì ní oṣù 5 lórí.

Ìyá Ìbejì, Brampton

Àbúrò mi, kú oríire ìwé tí o kà. Àwọn méjèèjì gbọ́ díẹ̀, wọn ò gbọ́ tán. Pásípọ́ọ̀tù kàn án dáadáa: IRCC, iléeṣẹ́ ìjọba Kánádà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìwọ̀lú, kì í kọ ọjọ́ tó kọjá ọjọ́ tí pásípọ́ọ̀tù máa parí sórí ìwé iṣẹ́. Bí o bá fi eléyìí ránṣẹ́, ibi tó bá parí sí ni PGWP rẹ náà máa parí sí.

Àmọ́ ìyókù ò wọgbó. Òótọ́ ni pé ẹ̀ẹ̀kan ni PGWP, ṣùgbọ́n ẹni tí pásípọ́ọ̀tù gé tiẹ̀ kúrú lè padà lọ béèrè ìyókù tó bá ti gba tuntun. Bàbá Ìbejì ṣe é. Ó kọ lẹ́tà ṣókí mọ́ fọ́ọ̀mù náà pé pásípọ́ọ̀tù àtijọ́ ló fà á tí ọjọ́ fi kúrú, tuntun rèé, transcript rèé. Wọ́n fún un ní ìyókù. Ṣùgbọ́n owó mìíràn ni o, ìdúró mìíràn sì ni, kí n má parọ́ fún ọ.

Bó bá jẹ́ èmi, òní ni mo máa bẹ̀rẹ̀ pásípọ́ọ̀tù. Gba ọlọ́dún 10, olójú-ewé 64, kí o sinmi. Kó o tó sanwó, yẹ NIN rẹ wò dáadáa: bí orúkọ tó wà níbẹ̀ bá fi lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀ sí ti pásípọ́ọ̀tù, ibẹ̀ ni wàhálà ti máa bẹ̀rẹ̀.

Akínkanjú_Saskatoon

Ọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n oṣù 5 tí ẹ ní ẹ ní yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Gbogbo èèyàn ló ń pariwo ọjọ́ 180 tí wọ́n fún wa láti béèrè PGWP. Ta ló ń sọ ti 90? Bí ẹ bá ti parí ẹ̀kọ́, study permit yín máa kú lẹ́yìn ọjọ́ 90, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí i lára. Ẹni tó bá sì fẹ́ máa ṣiṣẹ́ bó ṣe ń retí èsì gbọ́dọ̀ ti béèrè kí permit yẹn tó kú. Nítorí náà, bí pásípọ́ọ̀tù tuntun bá dé kí ọjọ́ 90 tó pé, ẹ dúpẹ́. Bí kò bá dé, ẹ fi ti àtijọ́ ránṣẹ́, ẹ padà wá béèrè ìyókù. Ìwé ọlọ́jọ́ kúkúrú sàn ju àìníwèé lọ.

ỌmọẸ̀pẹ́_Regina

Háà! Mi ò mọ̀ nípa 90 yẹn rárá. Ẹ ṣé gan-an ni. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí Bàbá Ìbejì ń dúró de ìyókù, ṣé wọ́n ní kí wọ́n má ṣiṣẹ́ ni?

Ìyá Ìbejì, Brampton

Rárá o, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lọ. Wọ́n ti béèrè kí ti àkọ́kọ́ tó parí, àṣírí ibẹ̀ nìyẹn. Bí ìwé tuntun bá dé, mú un lọ sí Service Canada, ọ́fíìsì ìjọba tó ń fúnni ní SIN, torí SIN tiwa tó ń fi 9 bẹ̀rẹ̀ yìí, nọ́ńbà tí a fi ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ ìwé iṣẹ́ ló ń tẹ̀ lé. Káàdì ìlera náà, bi wọ́n ní Saskatchewan bí tiwọn ṣe rí. Ti Ontario ni mo mọ̀.