Wọ́n jáde láti Ouidah, àwọn ọmọ wọn padà sí Àjàṣẹ́: ọjọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ sọ ìrìn-àjò ọjọ́ kan tí mo rìn fún yín. Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin lọ sí orílẹ̀-èdè Benin, a sun Kútọnu mọ́jú, nígbà tó di ọjọ́ kejì a bá àwọn kan wọ bọ́ọ̀sì tó ń gbé èèyàn káàkiri fún ọjọ́ kan. Àwa méjìdínlógún ni, àwọn kan wá láti Gánà, tọkọtaya kan wá láti Faransé, ọmọ Nàìjíríà ló kù. Aago méje ni wọ́n ní ká gbéra, mẹ́jọ ààbọ̀ ti lù ká tó kúrò torí à ń dúró de àwọn tí kò tíì jí ní hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi wákàtí kan ààbọ̀ yẹn sọ́kàn torí ìyà ẹ̀ ló padà jẹ wá nírọ̀lẹ́.

Ọ̀nà etíkun ni dẹ́rẹ́bà gbà, Route des Pêches ni wọ́n ń pè é, ọ̀nà àwọn apẹja nìyẹn. Òkun wà lọ́wọ́ òsì wa, igi àgbọn lọ rẹrẹ, ọkọ̀ apẹja tí wọ́n kùn lóríṣiríṣi ọ̀dà wà lórí yanrìn. Ohun tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni àwọn tó ń fa àwọ̀n, wọ́n á tó ogún, ọkùnrin, obìnrin, ọmọdé, gbogbo wọn di okùn kan ṣoṣo mú, orin tí wọ́n ń kọ ni wọ́n fi ń gbẹ́sẹ̀ sẹ́yìn, tí ẹnì kan bá rẹ̀wẹ̀sì ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ á gbé orin sókè. A bẹ dẹ́rẹ́bà ó dúró fún wa díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ o, ìgbì etíkun yẹn ń fa èèyàn lọ.

Ouidah ò ju nǹkan bí ogójì kìlómítà sí Kútọnu. A kọ́kọ́ dé ilé òrìṣà erè, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì ló kọjú sí i gan-an, títì ló wà láàárín wọn. Ẹ̀gbọ́n mi gbé erè kọ́rùn, èmi ò sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà la wá dé ibi tí mo torí ẹ̀ wá, ọ̀nà tí wọ́n fi ń kó àwọn ẹrú lọ sétí òkun, nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin. Wọ́n ní wọ́n á ní kí ọkùnrin yí igi kan po lẹ́ẹ̀mẹsàn-án, obìnrin lẹ́ẹ̀meje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Mo ń gbọ́ ọ, ara mi ń bù máṣọ. Ní ìparí ọ̀nà yẹn, létí omi gan-an, ni ẹnubodè ńlá tí wọ́n kọ́ ní 1995 wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Ẹnubodè Àìpadàbọ̀. Tẹ́ ẹ bá dúró lábẹ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ kọjú síwájú, òkun nìkan lẹ máa rí. Gáìdì sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀ ó dákẹ́, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Àwọn Yorùbá tí ogun kó nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń dà rú wà lára àwọn tó gba ibẹ̀ kọjá, ohun tí mò ń rò nìyẹn títí a fi padà wọ bọ́ọ̀sì.

Ní Kútọnu a jẹun, a ya fọ́tò nídìí ère obìnrin jagunjagun Dàhọ̀mì, ọgbọ̀n mítà ni gíga ẹ̀, 2022 ni wọ́n ṣí i. Ọmọ Ẹ̀gbá ni wá, bàbá wa máa ń sọ ìtàn bí àwọn obìnrin yẹn ṣe wá bá Abẹ́òkúta jà ní 1851 tí wọn ò sì rí i kó, ẹ̀gbọ́n mi wá ń wo ojú ère yẹn ṣáá, ó ní "àwọn obìnrin yìí lákíkanjú o."

Àjàṣẹ́ ló wá kù, Porto-Novo tó wà lórí máàpù. Òun ni olú ìlú, ibẹ̀ nilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kútọnu ni ìjọba ti ń ṣiṣẹ́. Aago márùn-ún ku díẹ̀ la débẹ̀. Wọ́n ní ààfin Ọba Toffa, ọba Àjàṣẹ́ láyé àtijọ́, ò ní ṣeé wọ̀ mọ́, ogójì ìṣẹ́jú péré la ní. Olú ìlú odindi! Inú bí mi gan-an, mi ò sì fi pa mọ́ fún gáìdì.

Mọ́ṣáláṣí ńlá wọn la sáré lọ wò. Ẹ̀yin ará, tí wọn ò bá sọ fún yín ẹ máa pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn Àgùdà ló kọ́ ọ, àwọn tó ti oko ẹrú ní Bràsíl dé àtàwọn ọmọ wọn, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Bahia ní Bràsíl níbẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ ilé Ọlọ́run tiwọn. Bàbá àgbà kan jókòó síwájú ibẹ̀, wọ́n gbọ́ tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Ẹ kú ìrìn o, ibo lẹ ti wá?" Yorùbá geere! A kúnlẹ̀ kí wọn, a ní Abẹ́òkúta ni. Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀ ọmọ mi. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti kó àwọn bàbá ńlá tèmi, wọ́n tà wọ́n dé Bràsíl, àwọn ọmọ wọn ló padà wá síbí." Àárọ̀ ọjọ́ yẹn náà ni mo dúró lẹ́nubodè tí wọ́n ní ẹni tó bá gba ibẹ̀ jáde ò ní padà mọ́. Omi bọ́ lójú mi.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ orúkọ ìdílé wọn fún wa ni dẹ́rẹ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè. Bàbá ní ká máa lọ, káwọn yòókù má bàa bínú, àmọ́ ká padà wá gbọ́ èyí tó kù. Oṣù Kejìlá yìí là ń padà lọ, kò sí bọ́ọ̀sì ẹlẹ́gbẹ́ẹgbẹ́ níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, Àjàṣẹ́ gan-an la máa sùn.